Aràn Inú Ẹja àti Oògùn Inú Ènìyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò lẹ́gbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ewé tó so rọ̀ sórí igi ẹlòmíràn ni ẹni tó pa òwe yìí ń wò. Bó bá sì jẹ́ inú ẹran, inú ẹja tàbí inú ọmọ ènìyàn ló wò, òwe náà ì bá má yí padà. Ohun tó ń gbé nínú ẹlòmíràn, tó ń jẹ nínú oúnjẹ onílé, tí kò sanwó ilé, tí kì í sì í bá wọn gbálẹ̀, kò níye láyé yìí.

Ẹja kan ṣoṣo ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Gbàgádà, níhà Bàrígà, ní àpótí dígí ńlá kan ní pálọ̀ rẹ̀ tó kún fún omi àti ẹja. Kì í ṣe ẹja odò o, ẹja òkun gidi ni, àwọn tí awọ wọn ń tàn yinrin bí aṣọ àríyá. Iyọ̀ tó fi ń po omi wọn, òkè òkun ló ti ń wá nínú ike. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan iye tó ti ná lórí wọn, ńṣe ló yí ọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn, ẹja pẹlẹbẹ kan tó pọ́n bí ìyeyè, tó ní ìlà dúdú lójú, bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń jẹun o, kódà òun ló máa ń kọ́kọ́ débi oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí rẹ̀ ń jìn sínú, ikùn rẹ̀ ń wọlé, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń fà gùn funfun bí òwú ìránṣọ. Ọkùnrin náà wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aràn ni. Àbí kí n kàn ra Ketrax ní kẹ́mísí kí n dà á sómi?"

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó dúró ná. Ìbéèrè yẹn ní ìtàn lẹ́yìn, ìtàn náà kì í sì í ṣe ti ẹja nìkan. Ó kan òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ó kan abẹ́rẹ́ tó ṣe mílíọ̀nù ènìyàn níkà, ó kan omi tí àwa ará Èkó ń mu, ó sì kan ẹja tí à ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Ketrax fúnra rẹ̀. Ta ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi tó ti lé lógójì ọdún tí kò mọ̀ ọ́n? Nígbà ìsinmi iléèwé, ìyá á to ọmọ bí ẹni to ìkòkò, kálukú á gba tirẹ̀, á gbé e mì, wọ́n á sì máa ṣọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ wa lọ́jọ́ kejì bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Àwọn ìyá tó ṣáájú wọn kò ní Ketrax, ewúro àti kóró ìbẹ́pẹ ni wọ́n fi ń lé ejò inú. Orúkọ oògùn tó wà nínú Ketrax ni levamisole. Ilé iṣẹ́ Janssen ní Bẹ́ljíọ̀mù ló gbé ìpilẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1966, àwọn ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń tà á lábẹ́ orúkọ tí a mọ̀ yẹn. Ó wúlò fún màlúù àti àgùntàn bó ṣe wúlò fún ọmọ ènìyàn. Kì í pa aràn lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló ń mú kí iṣan rẹ̀ le gbagidi, tí kò fi ní lè di ìfun mú mọ́, ìgbẹ́ á sì gbé e jáde bí omi àgbàrá ṣe ń gbé ìdọ̀tí.

Nígbà tó yá, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà sọ oògùn aràn yìí di oògùn jẹjẹrẹ ìfun. Ṣùgbọ́n ó máa ń pa ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kan. Ní 2000, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ oògùn ènìyàn lọ́hùn-ún. Àwọn oògùn aràn mìíràn ti gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn olùsìn ẹja inú dígí kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, àbúrò wa ní Gbàgádà kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Bóyá aràn tí Ketrax ń lé ló wà níkùn ẹja rẹ̀ ni a kò tí ì mọ̀.

Kí a tó débẹ̀, báwo ni ẹja òkun tilẹ̀ ṣe dé pálọ̀? Ní 1846, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sí etí òkun ní Torquay, ó rí iyùn òkun tó ṣì wà láàyè, ó gbé e sínú ìkòkò omi òkun, ó sì gbé e dé ilé. Ó fẹ́ kí wọ́n má kùú. Kí ló ṣe? Ó ní kí ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ilé máa da omi náà láti inú igbá kan sí òmíràn lẹ́bàá fèrèsé, lójoojúmọ́, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Iyùn náà yè. Wọn kì í sábà dárúkọ ọmọbìnrin yẹn, bẹ́ẹ̀ apá rẹ̀ ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Lóde òní, ẹ̀rọ oníná ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Gbàgádà, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀. Ní 1853, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ wò. Ní ọdún kejì, Philip Henry Gosse kọ ìwé tó fún àpótí náà ní orúkọ tí òyìnbó ń pè é títí dòní. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó rí owó rà á rà á, ẹja sì kú bí eéṣú.

Ohun kan wà tí wọn kò mọ̀ nígbà náà, tó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ fún ẹja ní oògùn. Ẹja òkun ń mu omi. Ẹ má rò pé gbogbo ẹja ló ń mu ún. Ní 1930, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Homer Smith, da aró sínú omi tí ẹja òkun wà, lẹ́yìn náà ló wo ìfun wọn, ó sì bá aró náà níbẹ̀. Iyọ̀ òkun ló fà á. Omi tó níyọ̀ púpọ̀ máa ń fa omi jáde lára ẹja, bí iyọ̀ tí a fi ra ẹran ṣe ń mú kí ẹran náà sun omi, nítorí náà ẹja òkun gbọ́dọ̀ máa mu ún lọ́sàn-án lóru, kó sì máa ti iyọ̀ jáde. Ti epìyà inú odò yàtọ̀. Omi ló ń wọ ara rẹ̀ láìpè é, kò sídìí tí á fi máa mu ún. Ẹ wá wo ọ̀sà wa tó wà lẹ́yìn Gbàgádà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a máa wọ inú rẹ̀, omi náà á níyọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ tó rọ̀ tó, tí odò Ògùn sì kún wọ ibẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi odò. Ẹja tó bá fẹ́ gbé Èkó, ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà mímu àti ìgbà àìmu. Ènìyàn náà ń kọ́ ọ.

Oògùn tí a bá dà sínú omi lè dé ikùn ẹja òkun, nígbà tí ti inú odò lè máa lúwẹ̀ẹ́ nínú oògùn láìtọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n èwo ni oògùn tó yẹ? Èyí ló gbé wa lọ sí Íjíbítì.

Ní 1851, dókítà ọmọ Jámánì kan, Theodor Bilharz, ẹni ọdún 26 péré, ń la òkú ní ilé ìwòsàn Kasr el-Aini ní Káírò. Ó rí aràn kékeré funfun, akọ àti abo, abo wọnú akọ bí ọ̀bẹ wọnú àkọ̀. Inú ìfun kọ́ ló ti rí wọn o, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni. Àìsàn tí àwọn aràn yìí ń fà ni ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ìtọ̀ jáde, èyí tí àwa Yorùbá ń pè ní àtọ̀sí ajá. Kì í ṣe àìsàn àná. Ní 1910, Marc Armand Ruffer yẹ kíndìnrín àwọn òkú Íjíbítì tí wọ́n ti fi oògùn pa mọ́ láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta wò, ó sì bá ẹyin aràn náà níbẹ̀ gbígbẹ, bí ẹni bá kóró ẹ̀wà lápò baba ńlá rẹ̀. Ní 1915, Robert Leiper fi hàn pé inú ìṣáwùrú odò ni ọmọ aràn náà ti máa ń gbé kó tó jáde sínú omi, kó tó gba awọ ẹsẹ̀ ènìyàn wọlé.

A ti mọ ọ̀tá báyìí, ó ku ohun ìjà. Ní 1918, dókítà Christopherson ní Khartoum kéde pé òun ti rí i. Ó pò mọ́ irin kan tí òyìnbó ń pè ní antimony, inú iṣan ni wọ́n ń gún un sí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni aláìsàn máa gba abẹ́rẹ́ náà, láàrin ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó ń mú ni bì, ó ń mú ni wúkọ́, ó lè da ọkàn ẹni láàmú débi ikú. Síbẹ̀ ó ń pa aràn náà, kò sì sí òmíràn. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ inú àwọn ọdún 1980, ìjọba Íjíbítì gbé e dé abúlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ète wọn dára. Àwọn olùtọ́jú ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ènìyàn tò lọ bí ọ̀nà ìdìbò, abẹ́rẹ́ kò sì pọ̀. Wọ́n á sè é díẹ̀ nínú omi gbígbóná, wọ́n á tún fi gún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ará, àìsàn ẹ̀dọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àwọn ènìyàn yẹn tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ orúkọ rẹ̀. Ní 1989 ni wọ́n tó dá a mọ̀, tí wọ́n pè é ní hẹpatáítìsì C. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò káàkiri, kò sí orílẹ̀-èdè láyé tó pọ̀ níbẹ̀ tó Íjíbítì. Ní 2000, àwọn olùwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní Lọ́ńdọ̀nù pé abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ajá ló gbé e kiri. Ẹni tó wá gba ìwòsàn aràn, ó gbé ikú ẹ̀dọ̀ lọ sílé, ikú náà sì dúró de e fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ìjọba Íjíbítì kan náà ló wá dìde nígbà tó yá, tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ wò ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, tó sì fún àwọn tó ní i lóògùn, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yìn wọ́n ní 2023. Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé apá ìkẹyìn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sin bàbá rẹ̀ ti sin ín.

Mo fa ìtàn yìí gùn nítorí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá fura sí aràn, tí a kò sì rí i, ǹjẹ́ ó yẹ kí a lo oògùn? Àwọn bàbá wa ní èsì: kí sòbìà tó dègbò, olúgànbe là ń ké sí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewé ni olúgànbe. Bó bá jẹ́ pé antimony ni olúgànbe, ta ni í ké sí i fún ìfura lásán?

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà dé láti Jámánì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Merck ti Darmstadt ń wá oògùn tó ń mú ara ènìyàn rọlẹ̀. Èyí tí wọ́n rí kò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Wọ́n gbé àwọn ìbátan rẹ̀ fún Bayer pé kí wọ́n dán wọn wò lórí aràn, ibẹ̀ ni praziquantel ti jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń gbé e mì, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí sàsúùn gbígbóná. Àwọn ẹranko ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á fún, nígbà tó di 1980 ó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ó wọ́n lówó, títí ilé iṣẹ́ Kòríà kan, Shin Poong, fi rí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà po ó lówó pọ́ọ́kú ní 1983. Láti 2007 ni Merck ti ń fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹ̀bùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Áfíríkà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín in. Wọn kì í yẹ ìtọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé àtọ̀sí ajá pọ̀ ní àdúgbò kan, gbogbo ọmọ iléèwé ibẹ̀ ló máa gbà á. Wọn kì í gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n pàápàá. Ọ̀pá kan ni wọ́n ń nà mọ́ ara ògiri, ibi tí orí ọmọ bá dé ló ń sọ iye hóró tó máa gbé mì. Ìfura lásán ni gbogbo rẹ̀, ó sì bá ọgbọ́n mu, nítorí oògùn náà kì í fìyà jẹ ọmọ tí kò ní aràn lọ títí, owó àyẹ̀wò sì ju owó oògùn lọ. Ìyàtọ̀ àárín Íjíbítì 1960 àti iléèwé òde òní kò sí nínú ìfura. Inú oògùn ló wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ní 1963, Cowper ní Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí àtọ̀sí ajá ní Nàìjíríà. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1983, wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán lẹ́bàá Abẹ́òkúta, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu. Omi dúró, koríko hù, ìṣáwùrú rí ilé. Àwọn ará abúlé tí wọ́n kó lọ tẹ̀dó sétí omi náà, tí wọ́n ń pẹja tí wọ́n sì ń fọṣọ níbẹ̀, ni àtọ̀sí ajá wá mú. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lọ síbẹ̀ léraléra, wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí à ń retí ní ìgboro Èkó, àwọn kan ló fi ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ san owó rẹ̀ lókè odò.

Ẹja wá ńkọ́? Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ẹranko ti rí i pé praziquantel ń pa aràn pẹlẹbẹ ara ẹja náà, àti tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó ń gbé ìfun rẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja ń lò ni mílígíráàmù 2.5 sí lítà omi kan. Àpótí dígí tó gba lítà 200, mílígíráàmù 500 ni, kò tó odidi hóró kan tí àgbàlagbà ń gbé mì, nítorí 600 ló wà nínú ọ̀kan. Oògùn kan náà ni ọmọ Ọ̀yán àti ẹja pálọ̀ Gbàgádà ń lò! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á sínú àpótí tí àwọn kòkòrò òkun onígòò, tó ń ta bí òdòdó, wà, àwọn yẹn náà á bá a lọ, torí aràn ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ rẹwà.

Oògùn kẹta ni Flagyl. Kò sí ilé kan ní Kétu tàbí Máìlì 12 tí kò ti wọ̀ rí. Ilé iṣẹ́ Rhône-Poulenc ti Faransé ló gbé e jáde ní 1959, lẹ́yìn tí àwọn ará Jàpáànù ti rí ìbátan rẹ̀ nínú erùpẹ̀. Àìsàn ojú ara obìnrin ni wọ́n ṣe é fún. Ní 1962, obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń lò ó fún àìsàn yẹn, ó sì sọ fún dókítà eyín rẹ̀ pé erìgì òun tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ti sàn. Shinn, dókítà náà, kò rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé Flagyl ń pa àwọn kòkòrò àrùn tí kò fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹnu aláìsàn ni ìmọ̀ ti jáde. Nínú ẹja, àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníru tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìfun ni ó ń pa, àwọn tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹ wá tò ó pọ̀. Ketrax ń lé aràn gígùn roboto, kò mọ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ènìyàn. Praziquantel ń pa aràn pẹlẹbẹ àti tẹ́ẹ́rẹ́, aràn roboto kò kà á sí. Flagyl kò rí tiwọn rò, àwọn ẹ̀dá tí ojú kò rí ló ń bá jà. Ẹni tó bá sì sọ pé aràn ni, tí kò sọ irú aràn, kò tí ì sọ nǹkan kan. Ìgbẹ́ funfun kò sì ní kí ó jẹ́ aràn rárá. Ẹja tí ebi pa láti ibi tí wọ́n ti mú un dé pápákọ̀ òfurufú, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní Fílípíìnì ti ń fi májèlé sáyánáìdì fín ẹja iyùn lójú kí wọ́n lè fọwọ́ mú un. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ lè máa jẹun kó sì máa rù, kó sì má sí aràn kan níkùn rẹ̀. Irú ẹja pẹlẹbẹ oníyeyè yẹn, àwọn kan nínú ìdílé wọn iyùn òkun nìkan ni oúnjẹ wọn. Ebi lè pa wọ́n sáàrin oúnjẹ tí kì í ṣe tiwọn.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò wa kò pọ̀. Mo ní kó gbé ẹja náà sínú àpótí mìíràn lọ́tọ̀, kó fi nǹkan fa ìgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́, kó sì wá ẹni tó ní máíkíróskóòpù, awò tó ń mú ohun kékeré tóbi lójú. Láti Gbàgádà sí Àkọkà kò jìnnà, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹja òkun wà ní Yunifásítì Èkó, àjọ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 sì wà ní Victoria Island. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí n gbé ìgbẹ́ ẹja gba inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ?" Ó gbé e lọ ṣá. Àwọn ẹ̀dá oníru ni wọ́n rí níbẹ̀, wọn kò rí aràn kan. Bó bá jẹ́ pé ó da Ketrax sómi ni, ẹja ì bá mu májèlé lásán. Inú oúnjẹ ni wọ́n ní kó po Flagyl mọ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ kan níbí kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ sí adágún ẹja rẹ̀. Ẹja inú dígí, ẹnì kan kò ní jẹ ẹ́. Àrọ̀ inú adágún, àwa la máa jẹ ẹ́. Mo ti gbọ́ létí ara mi láti ẹnu àwọn olùsìn ẹja pé wọ́n ń lọ Flagyl mọ́ oúnjẹ àrọ̀ bí inú rẹ̀ bá wú. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fún ẹran tàbí ẹja jíjẹ ní oògùn yìí, nítorí ìbẹ̀rù pé ìyókù rẹ̀ nínú ẹran lè fa jẹjẹrẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kòkòrò àrùn tó bá ti mọ̀ ọ́n lójú nínú adágún, kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ nínú ikùn ọmọ wa. Èmi kò rí ohun tó le níbẹ̀: ẹni tó ń sìn fún títà, oníṣègùn ẹranko ni kó pè, kó má pe oníkẹ́mísí.

Ohun kan tún wà tí àpótí dígí fi kọ́ni. Ọ̀pọ̀ aràn inú ẹja òkun kò lè bímọ sínú àpótí. Ìrìn àjò wọn gùn: wọ́n ní láti kọ́kọ́ wọ inú ìṣáwùrú kan pàtó, tàbí kòkòrò omi kan, kí wọ́n tó tún padà sínú ẹja tàbí ẹyẹ. Níbi tí kò bá ti sí ìṣáwùrú náà, ọ̀nà ti já. Aràn àgbà á gbé ìgbésí ayé rẹ̀ tán, á sì kú láìní àrólé.

Ọ̀nà jíjá yẹn náà ni a fi ṣẹ́gun sòbìà. Sòbìà kò ní oògùn tó ń pa á nínú ara, kò ní títí dòní. Láti 1870 ni Alexei Fedchenko, ọmọ Rọ́ṣíà, ti rí i pé inú kòkòrò kékeré inú omi mímu ni ọmọ sòbìà ń gbà wọ inú ènìyàn. Ní òpin àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ka iye àwọn tó mú, wọ́n lé ní 650,000, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó jù wá lọ. Ìdèrè ní Ìbàràpá, níbi tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, mọ ohun tó túmọ̀ sí kí àgbẹ̀ jókòó sílé nígbà iṣẹ́ oko nítorí okùn funfun kan tó ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aṣọ asẹ́ ni wọ́n pín fún àwọn obìnrin láti fi sẹ́ omi, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn sódò láti pa kòkòrò tó ń gbé e, wọ́n sì bẹ aláìsàn pé kó má ti ẹsẹ̀ bọ odò. Ọ̀gágun Gowon pàápàá rìn láti abúlé dé abúlé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù kọkànlá 2008 ni ẹni ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Gbogbo ayé ń múra àjọyọ̀, ni Ṣáàdì tó múlé gbè wá bá dá ìròyìn mìíràn sílẹ̀. Ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí sòbìà lẹ́sẹ̀ ajá. Ajá kì í fi ife mu omi, báwo ló ṣe mú un? Àwọn olùwádìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé etí odò Chari, níbi tí àwọn apẹja ti ń da ìfun ẹja tútù sílẹ̀ tí ajá ń jẹ ẹ́. Ẹja ló gbé kòkòrò omi mì, ajá gbé ìfun ẹja mì, sòbìà sì rí ọ̀nà tuntun. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ló mú ní gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n ní Ṣáàdì, wọ́n ṣì ń so ajá mọ́ igi lẹ́yìn ilé, ìjọba ń fún ẹni tó bá mú ìròyìn ajá tó ní i wá lówó, àwọn apẹja sì ń gbẹ́ ilẹ̀ sin ìfun ẹja kí wọ́n tó gbé agbọ̀n wọn lọ sọ́jà.